Ìka Ààrẹ, Ìka Àgbẹ̀

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ dìbò ní Otuoke, ìpínlẹ̀ Bayelsa. Ó fi ìka lé ẹ̀rọ tí àjọ INEC fi ń yẹ olùdìbò wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dá a mọ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, pàbó ló já sí. Níkẹyìn, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi yẹ orúkọ rẹ̀ wò, ó sì dìbò. Lọ́jọ́ náà gan-an ni INEC fàyè gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí ẹ̀rọ bá ti kọṣẹ́.

Gbogbo ayé ló mọ ojú Ààrẹ. Ta ni yóò jẹ́rìí fún àgbẹ̀ kan ní Eruku, ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti ní Kwara, tí ọkọ́ ti pa ìlà ìka rẹ̀ rẹ́?

Ẹ̀rọ ti ọdún 2015 kàn ń fi ìka wé ìka ni. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní Togo, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tí yóò gba owó ìrànwọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, lásìkò àrùn Kòrónà, ìjọba ibẹ̀ dá ètò Novissi sílẹ̀ láti máa fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù. Nígbà tí ètò náà fẹ́ dé ìgbèríko, kò sí àkọsílẹ̀ pípé nípa àwọn aláìní. Wọ́n bá lo ọgbọ́n àtọwọ́dá: àwòrán láti ojú sánmà ni wọ́n fi wá àwọn agbègbè 100 tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù, bí èèyàn ṣe ń lo fóònù ni wọ́n fi mọ ẹni tí owó tọ́ sí níbẹ̀.

Ọ̀nà yìí yá. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2022 fi hàn pé ó sàn ju kí a fi agbègbè nìkan yan èèyàn, ṣùgbọ́n kò tó àkọsílẹ̀ pípé, ká ní ó wà. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà fóònù tàbí káàdì ìdìbò kò sì lè forúkọ sílẹ̀ rárá.

Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Fóònù nìkan ni ẹ̀rọ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kò gbọ́ ti onílé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Nàìjíríà gbé òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni kalẹ̀. Abala 37 fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìpinnu ńlá tí ẹ̀rọ nìkan ṣe nípa rẹ̀. Òfin náà yọ àwọn ọ̀ràn kan sílẹ̀, bíi ibi tí onítọ̀hún bá ti fọwọ́ sí i. Níbẹ̀ pàápàá, ó lè ní kí ènìyàn dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì lè tako ìpinnu ọ̀hún.

Àmọ́ òfin tó wà nínú ìwé kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé oko. Kí iléeṣẹ́ ìjọba kankan tó fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pín owó, oògùn tàbí ajílẹ̀, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kan wà ní Araromi-Opin, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ẹ̀rọ kọ̀, tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un ní èdè tó yé e, tí yóò sì ní àṣẹ láti tún un ṣe. Ohun tí Ààrẹ rí gbà láàárọ̀ ọjọ́ kan tọ́ sí àgbẹ̀ pẹ̀lú.