Òfin Róòmù Lábẹ́ Lẹ́tà Àlùfáà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àwa tí a gba ilé kéwú kọjá mọ bí a ti ń fọ wàláà. Bí ọmọ bá ti há tirẹ̀ sórí, a ó fọ tàdáwà kúrò, a ó sì kọ òmíràn sí i. Ìwé kan wà ní ìlú Verona ní ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n fọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò dúró de ẹni tí yóò há a sórí.

Gaius ni ó kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 161, apá mẹ́rin, láti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní òfin Róòmù. Nígbà tí Ọba Justinian ní Constantinople, ìlú tí í ṣe Istanbul lónìí, gbé ìwé ìkọ́ni tirẹ̀ jáde ní 533, inú ti Gaius ni wọ́n ti bu púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí tuntun ti dé, àwọn ènìyàn pa àtijọ́ tì. Awọ ẹran ni wọ́n sì ń kọ̀wé sí nígbà náà, kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn tí ìjọba Róòmù ti wó ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn adàwékọ fọ àdàkọ Gaius kan, wọ́n sì kọ lẹ́tà Jerome, àlùfáà ńlá àwọn Kìrìsìtẹ́nì, lé e lórí. Ewé mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì!

Ó di 1816 kí Niebuhr, ọmọ Jámánì tí ń lọ ṣe aṣojú ìjọba Prussia ní Róòmù, tó yà sí ilé ìkàwé ìjọ ní Verona, tí ó rí ìkọ̀wé àtijọ́ lábẹ́ lẹ́tà wọ̀nyí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1820. Oògùn tí wọ́n fi ń pa ewé náà kí tàdáwà àtijọ́ lè hàn ba ibòmíràn jẹ́; ìkánjú yẹn ni àwa kò lè yìn.

Kí ni wọ́n wá kà níbẹ̀? Gaius sọ̀rọ̀ ẹnì kan tí ó pe ẹjọ́ nítorí àjàrà rẹ̀ tí wọ́n gé lulẹ̀. Ó pe àjàrà ní àjàrà, ó sì pàdánù ẹjọ́, nítorí pé "igi" ni òfin Pátákó Méjìlá wí.

Àlàfo ṣì wà nínú ìwé náà. Ní 1933, wọ́n tẹ ewé díẹ̀ jáde láti inú àdàkọ Gaius mìíràn tí ilẹ̀ Íjíbítì ti pa mọ́, ó sì dí lára àlàfo yẹn. Ibẹ̀ ni a ti kà pé láyé àtijọ́ ní Róòmù, bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a di alájọni lórí ogún tí wọn kò tíì pín. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá sì dá ẹrú àjọni sílẹ̀, ẹrú náà di òmìnira lójú gbogbo wọn.