Yíyọ ni, kì í ṣe yíyọ́

Lára pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tú ní Sábó, ẹ lè rí kàpásítọ̀ kékeré aláwọ̀ ọsàn kan, tí wọ́n fa ìlà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tántálọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Òkúta tí wọ́n ti ń rí i wà ní Ìjerò-Èkìtì. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ yunifásítì Akọka tó ń kọ́ ìmọ̀ irin fi Yorùbá ṣàlàyé bí iná ṣe ń mú un jáde lára òkúta, ọ̀rọ̀ á há a lọ́fun.

Àmì ohùn ni wàhálà àkọ́kọ́. 'Yíyọ́' ni á kọ́kọ́ sọ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, tántálọ́ọ̀mù kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó 3,017°C, níbi tí irin lásán ti di omi ní 1,538°C. Iléru iṣẹ́ yìí kì í sì í gbóná dé ibẹ̀. Ọ́síjìn tó so mọ́ ọn ni wọ́n ń yọ kúrò. Èyí tó tún burú ju yíyọ́ lọ ni 'ìdínkù', tí atúmọ̀ tó bá kánjú máa ń kọ fún 'reduction' òyìnbó. Kí ló dín kù?

Àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ mọ iṣẹ́ yìí. Nínú iléru wọn, eédú ló ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ òkúta irin. Ìdàrọ́ ló ń yọ́ tó ń ṣàn. Irin fúnra rẹ̀ á ṣù jọ síbẹ̀. Gbígbà ni, ó tán. N kò rí ìdí tí a ó fi wá ọ̀rọ̀ tó le jù ú lọ.

Ti afẹ́fẹ́ ló yàtọ̀. Ẹwìrì ń fẹ́ ẹ wọ iléru irin. Nínú iléru tántálọ́ọ̀mù, ńṣe ni wọ́n ń fà á jáde, nítorí tántálọ́ọ̀mù gbígbóná tó bá rí afẹ́fẹ́ á gbé e mì, á wá máa kán. Gáàsì tí eédú àti ọ́síjìn bí náà kò gbọdọ̀ dúró, kí iṣẹ́ má baà há. Kí ni ká wá pe fífa afẹ́fẹ́ jáde yìí? 'Òfìfo', ni àwọn kan wí. Ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló kún inú garawa òfìfo ni? Àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ní Mushin ti yanjú ìyẹn: kí wọ́n tó rọ gáàsì, wọ́n á ní, 'Ẹ jẹ́ n fákúùmù ẹ̀ ná.' Mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ó ku ọ́ksáìdì, ìyẹn ohun tí ọ́síjìn ti so mọ́. 'Ìpáàrà' inú Bíbélì wù mí, ṣùgbọ́n irin tó ti di irin tán ni ìpáàrà ń bá. Òkúta yìí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀. Kí ọ́ksáìdì máa jẹ́ ọ́ksáìdì.

Ó yá: wọ́n á po ọ́ksáìdì tántálọ́ọ̀mù, lẹ́búlẹ́bú funfun, mọ́ eédú, wọ́n á kó o sí iléru, wọ́n á fákúùmù rẹ̀, wọ́n á koná mọ́ ọn dé nǹkan bí 2,000°C. Eédú á gba ọ́síjìn, á bá a jáde, tántálọ́ọ̀mù á ṣẹ́kù.