Tìmáàtì Ìyá Mi ní Òtu
Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tìmáàtì ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ létí ìyá mi ní Òtu. Tirẹ̀ ni èyí tí ara rẹ̀ hunjọ, tó kan lẹ́nu. Á fún hóró rẹ̀ sínú eérú, á sá a sórí àpáàdì di ọdún tó ń bọ̀. Kí NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́, tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1975, ọwọ́ irú ìyá mi ni irúgbìn wà.

Wàhálà oko tìmáàtì náà ni ẹran ìgbẹ́. Ọ̀yà a gé e nídìí lóru, àparò a ṣá èyí tó ń pọ́n jẹ. Àwa ọmọdé la ń fi kànnàkànnà lé àparò. Bàbá mi so agolo òfìfo mọ́ okùn yí oko ká, ó sì dẹ ẹbìtì. Èmi fẹ́ràn ẹbìtì jù: ó gba tìmáàtì là, ó tún wá ẹran sí ọbẹ̀.