Paulin (orúkọ)

Paulin jẹ́ orúkọ ọkùnrin ní èdè Faransé. Inú orúkọ Látìnì náà, Paulinus, ni ó ti wá. Yàtọ̀ sí ilẹ̀ Faransé, a tún ń rí orúkọ yìí ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí Faransé ṣàkóso nígbà kan rí, bíi Benin, Gabon àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àárín Áfíríkà. Lára àwọn tí a mọ̀ jù lọ tí wọ́n jẹ́ ẹ ni olùdarí fíìmù Paulin Soumanou Vieyra àti onímọ̀ fílọ́sọ́fì Paulin Jidenu Hountondji. Ọmọ Benin ni àwọn méjèèjì.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ àti ìtumọ̀

Gbòǹgbò orúkọ yìí ni Paulus, orúkọ ẹbí kan láàrin àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "kékeré". Nígbà tí a bá fi àfòmọ́ ìparí -inus kún un, ó di Paulinus, èyí tí ó túmọ̀ sí "ẹni tí ó jẹ mọ́ Paulus". Láti ara Paulus kan náà ni Paul ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti wá, àti Pọ́ọ̀lù inú Bíbélì Yorùbá. Nítorí náà, iyèkan ni Paul àti Paulin, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìpè

Ní èdè Faransé, bí o ni a ń pe au. Fáwẹ̀lì àránmúpè ni -in, ìró rẹ̀ sì súnmọ́ èyí tí ó parí ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, ìyẹn. Pauline ni orúkọ obìnrin tí ó bá a mu. Nínú ìyẹn, a máa ń pe kọ́ńsónáǹtì n ketekete. Ẹni tí ó bá ka Paulin bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì lè ṣèèṣì fi orúkọ obìnrin pe ọkùnrin. Ní Nàìjíríà, ẹ̀dà Látìnì gan-an ni a sábà máa ń rí, pàápàá láàrin àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Àpẹẹrẹ ni Paulinus Ezeokafor, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Awka ní ọdún 2011.

Bí orúkọ náà ṣe tàn kálẹ̀

Ẹni mímọ́ Paulinus ti Nola ni ó sọ orúkọ yìí di ìlúmọ̀ọ́ká nínú ìjọ. Ìdílé ọlọ́rọ̀ ni a bí i sí ní Bordeaux ní nǹkan bí ọdún 354. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Therasia, kọ ọrọ̀ wọn sílẹ̀, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Nola ní Ítálì. Ó máa ń kọ lẹ́tà sí Augustine ti Hippo, ìlú kan tí ó wà ní Àlùjíríà òde òní. Ọdún 431 ni ó kú, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà sì ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀.

Àwọn míṣánnárì Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA dé Ouidah ní ọdún 1861. Nípasẹ̀ ìrìbọmi àti ilé-ẹ̀kọ́ ni irú àwọn orúkọ ẹni mímọ́ báyìí fi wọ ilẹ̀ Dahomey, tí ó di Benin lónìí. Wọn kò pa orúkọ abínibí rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹ́ méjèèjì pọ̀. Orúkọ Paulin Soumanou Vieyra fi èyí hàn: Faransé ni ti àkọ́kọ́, Soumanou ni orúkọ Mùsùlùmí tí Yorùbá ń pè ní Súmọ́nù, Vieyra sì jẹ́ orúkọ Potogí, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé Àgùdà ń jẹ́.

Àwọn tí wọ́n jẹ́ orúkọ náà

Paulin Soumanou Vieyra (1925–1987) ni a bí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1925. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa fíìmù ní ilé-ẹ̀kọ́ IDHEC ní Paris. Òfin Laval ti ọdún 1934 ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹnikẹ́ni gba ìyọ̀ǹda ìjọba kí ó tó ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Wọn kò fún Vieyra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìyọ̀ǹda láti ya fíìmù nílé. Paris ni wọ́n ti ya Afrique-sur-Seine (1955), tí ó dá lórí ìgbésí ayé àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìlú náà. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì ṣe Lamb (1963), tí ó dá lórí ìjàkadì. Ní ọdún 1975, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ìtàn fíìmù Áfíríkà.

Paulin Jidenu Hountondji (1942–2024) ni a bí ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1942. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní École normale supérieure ní Paris, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì ní Cotonou. Ó tako èrò pé gbogbo ẹ̀yà kan lè ní fílọ́sọ́fì kan ṣoṣo tí kò sí ẹni pàtó tí ó ni ín. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó ní orúkọ ni ó gbọ́dọ̀ gbé èrò kalẹ̀, kí àwọn mìíràn lè bá a jiyàn. Ìtumọ̀ ìwé rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì (1983) gba ẹ̀bùn Herskovits ní ọdún 1984. Sophie Olúwọlé ti Yunifásítì Èkó gba ọ̀nà mìíràn: ó tọ́ka sí ẹsẹ Ifá gẹ́gẹ́ bí ibi tí fílọ́sọ́fì wà. Hountondji ṣe mínísítà ní Benin láàrin ọdún 1990 sí 1993. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2024.

Àwọn mìíràn ni:
- Paulin Obame-Nguema, Olórí Ìjọba Gabon láti 1994 sí 1999.
- Paulin Pomodimo, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Bangui láti 2003 sí 2009.

Gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé

- Pierre Paulin (1927–2009), ará Faransé tí ó ń ya àwòrán àga àti ohun èlò ilé.
- Tom Paulin (a bí i ní 1949), akéwì láti Àríwá Ireland.