Odindi Gbólóhùn: Ìtàn Ìkọ́ni ní Ìwé Kíkọ ní Ẹdẹ àti Agbègbè Rẹ̀

Ẹ̀sùn kan ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ tí àwọn olùkọ́ máa ń fi kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé kíkọ nira fún. Ẹ̀sùn náà ni pé kò mọ gbólóhùn. Bí a bá ní kí ó kọ àròkọ nípa ọjà, yóò kọ ìlà mẹ́wàá tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo lọ" tàbí "Mo rí". Yóò kọ "Nígbà tí mo dé ọjà", yóò sì fi àmì ìdánudúró pátápátá sí i bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ kan náà bá bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọjà, yóò rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò ṣe àlàyé, yóò tẹnu mọ́ èyí tí ó dùn ún, yóò sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí òun kò bá tètè sá, kò sì ní dá ọ̀rọ̀ kan dúró láàrin ọ̀nà. Ohun tí ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé ní agbègbè yìí fi hàn ni pé gbólóhùn kò wọ́n ọmọ náà rárá. Ilé-ìwé ni ó já gbólóhùn sí wẹ́wẹ́ kí ó tó fi lé e lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a gba Ẹdẹ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí fún ìdí kan. Ìtàn ìlú náà sọ pé ọmọ-ogun Aláàfin ni Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ títí di òní. Nínú gbogbo ẹ̀ka-èdè Yorùbá, òun ni ó sún mọ́ èdè inú ìwé jù lọ. Nítorí náà, àwáwí tí olùkọ́ lè ṣe ní Èkìtì tàbí ní Ìjẹ̀bú, pé ohun tí ọmọ ń sọ nílé yàtọ̀ sí ohun tí a fẹ́ kí ó kọ, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹsẹ̀ dúró sí ní Ẹdẹ. Bí ọmọ Ẹdẹ kò bá lè kọ odindi gbólóhùn, ibòmíràn ni a ó ti wá ìdí rẹ̀.

Ìwé tí ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú náà ni ìwé kéwú. Tìmì Àbíbù Lágúnjú, tí ó jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn ọba Yorùbá tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí, Ẹdẹ sì di ìlú tí ilé-kéwú pọ̀ sí. Lórí wàláà, lẹ́tà ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àpapọ̀ lẹ́tà. Lẹ́yìn èyí ni kíkà ní àkàsórí. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó kọ gbólóhùn ti ara rẹ̀, nítorí pé ète ẹ̀kọ́ náà ni kí ó lè ka Kùránì bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ. Kò tọ́ kí a bu ẹnu àtẹ́ lu ilé-kéwú pé kò ṣe ohun tí kò dáwọ́ lé. Ohun tí ó ṣe ni ní kàyéfì ni pé ilé-ìwé àwọn oníhìnrere, tí ó dáwọ́ lé e, tẹ̀ lé irú ètò kan náà.

Kì í ṣe pé àwọn oníhìnrere kò mọ odindi gbólóhùn. Àjàyí Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, ó sì tẹ gírámà jáde ní 1852. Ní 1859 Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Yorùbá tí a kọ ní gbólóhùn gígùn, tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, ti wà lórí bébà kí a tó bí bàbá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé ní Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n ìwé ABD ni a fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ yóò kọ b àti a, yóò pè é ní ba; yóò so sílébù pọ̀ di ọ̀rọ̀; yóò ka ọ̀rọ̀ náà ní òòró ojú ìwé; ìgbà tí ó bá sì dé orí gbólóhùn, èyí tí ó kúrú jù lọ ni yóò bá níbẹ̀. Ní 1882, òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe, tí ó kan Èkó, so owó ìrànwọ́ mọ́ kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò mẹ́nu kan Yorùbá. Òfin náà kò dé Ẹdẹ nígbà náà, ṣùgbọ́n àṣà tí ó dá sílẹ̀ ní Èkó bá àwọn olùkọ́ àti ìwé wọn gòkè wá sí ilẹ̀ òkè.

Ní Ẹdẹ kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí kò ní pátákó. Agbo ilé àwọn Àyàn ni. Tìmì John Adétóyèsé Láoyè Kìíní, tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, jẹ́ ọba tí ó ń lu dùndún fúnra rẹ̀, ohun tí kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọba. Ó sì jẹ́ alákọ̀wé tí ó kọ àròkọ lórí ìlù Yorùbá ní àwọn ọdún 1950. Ààfin rẹ̀ jẹ́ ibi tí ìwé àti ìlù ti pàdé. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo bí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ yóò rí ohun tí ilé-ìwé gbójú fò.

Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ni ó ní. Bí onílù bá lu ohùn àárín kan àti ohùn òkè kan, ṣé "ilé" ni ó sọ, tàbí "igbá", tàbí "ọkọ́"? Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Ìdí nìyí tí ìyá ìlù kì í fi í dá ọ̀rọ̀ ẹyọ kan sọ. Oríkì ni ó ń sọ, òwe ni ó ń pa, ẹni tí ó ń wọlé bọ̀ ni ó ń kí. Nínú odindi ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń rí ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọmọ Àyàn tí ó jókòó ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú omele kò gba ẹ̀kọ́ ohùn òkè ní ọ̀tọ̀, kí ó tó wá gba ti ohùn ìsàlẹ̀ ní ọ̀tọ̀. Láti inú ohun tí àgbà ń sọ tán ni ó ti ń kọ́ ọ, bí ó bá sì dé ìdí ìyá ìlù lọ́jọ́ iwájú, gbólóhùn ti pọ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ju ohun tí ó lè kà lọ. Bí ó bá ṣì í lù, àwọn tí ń gbọ́ yóò mọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò ní já gaara sí wọn létí.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì: "Adé ni ó lọ" àti "Adé ní ó lọ". Èkíní jẹ́ gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́: Adé gan-an ni ó lọ, kì í ṣe ẹlòmíràn. Èkejì jẹ́ ìròyìn: Adé sọ pé ẹnì kan lọ. Ìhun wọn kò jọra rárá, síbẹ̀ ohùn orí sílébù kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Onílù kò lè fi ọ̀kan pe èkejì. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò kọ́ ní àmì ohùn yóò kọ ohun kan náà fún méjèèjì, olùkọ́ yóò sì máa ṣe kàyéfì pé ọmọ yìí kò mọ ju irú gbólóhùn kan lọ. Láti ìpàdé Èkó ti 1875 títí dé ìgbìmọ̀ 1966 àti àtúnṣe 1974, àríyànjiyàn lórí àkọtọ́ kò dáwọ́ dúró. A mú i kúrò nínú "aiye", a sọ "enia" di "ènìyàn". Àwọn àtúnṣe wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, débi pé orúkọ Ẹdẹ pàápàá, bí a kò bá fi àmì sí i, a lè kà á sí èdè tàbí sí edé inú ọbẹ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí iye tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Oore ńlá ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kíláàsì kún àkúnya, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì tí ì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ tán. Olùkọ́ tí ìwé ọmọ bí àádọ́ta wà níwájú rẹ̀ kò lè ka àròkọ àádọ́ta ní alaalẹ́. Àpèkọ ni yóò fún wọn, tàbí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan dí àlàfo, tàbí kí wọ́n da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ. Irú iṣẹ́ wọ̀nyí rọrùn láti yẹ̀ wò. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ ti ń gbé odindi gbólóhùn kalẹ̀ láti inú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kíláàsì kẹrin dé. Ètò tí ó gbilẹ̀ ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́ta, kí a sì yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà yìí gan-an ni ọwọ́ ọmọ ń mọ gbólóhùn oníbọ̀ í kọ, tí ó ń rí i pé "Ọmọ tí ó lọ sí ọjà" kò tí ì parí, àti pé "Ọmọ tí ó lọ sí ọjà ti dé" ni ó parí. A gba kálàmù Yorùbá lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fún un ní ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ó mú ìwé wá fún mi" kò ní àbùkù ní Yorùbá bí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ tilẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn láìsí ọ̀rọ̀ asopọ̀. Bí ọmọ bá gbé ìhun náà bí ó ti rí lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, a ó kọ ọ́ sí i lára pé kò mọ gbólóhùn. Báyìí ni àìmọ èdè kan ṣe di àìmọ èrò í rò lójú olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ń sọ ọmọ tí ó já fáfá ní olódo.

Kò jìnnà sí Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti òde òní, ni a ti dán ọ̀nà mìíràn wò. Ní oṣù kìn-ín-ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ àjọ Ford Foundation. Ní kíláàsì kan, Yorùbá ni a fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó sì ń kọ́ ọ. Ní kíláàsì kejì tí a fi wé e, a tẹ̀ lé ètò àtijọ́: ọdún mẹ́ta ní Yorùbá, mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó di dandan kí a kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì tuntun ní Yorùbá, nítorí pé kò sí i tẹ́lẹ̀. Ìròyìn iṣẹ́ náà, tí ó jáde ní ìwé ní 1989, fi hàn pé àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá ṣe dáradára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

A lè jiyàn pé ìwé tuntun àti ìtọ́jú pàtàkì tí olùkọ́ gbà wà lára ohun tí ó fa èyí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kókó fún ọ̀rọ̀ gbólóhùn ni pé ní Modákẹ́kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá ní láti fi Yorùbá ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń hó. Ẹni tí yóò ṣàlàyé ìdí kò lè ṣe é láìlo "nítorí pé", ẹni tí yóò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò lè ṣe é láìlo "bí... bá". Iṣẹ́ tí èrò ní láti ṣe ni ó ń fa onírúurú gbólóhùn yọ.

Ní àkókò kan náà, àwọn onímọ̀ èdè fún olùkọ́ ní irinṣẹ́. Gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé jáde ní 1966, ti Ọládélé Awóbùlúyì ní 1978, a sì tẹ èdè-ìperí jáde ní 1984. Láti ìgbà náà ni gbólóhùn abọ́dé, alákànpọ̀ àti oníbọ̀ ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà mọ̀ lórí. Àti mọ̀ lórí, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: ọ̀pọ̀ ọmọ lè sọ oríkì gbólóhùn oníbọ̀ láìkọ ẹyọ kan tí ó dára. Olùkọ́ tí ó bá kọ "Òjò rọ̀. Ilẹ̀ tutù. Àgbẹ̀ gbin àgbàdo" sójú pátákó, tí ó sì ní kí kíláàsì sọ ọ́ di ọ̀kan, yóò gbọ́ "Nígbà tí òjò rọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, àgbẹ̀ gbin àgbàdo", yóò gbọ́ "Àgbàdo ni àgbẹ̀ gbìn nígbà tí òjò rọ̀", bí ó bá sì ní sùúrù, ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn jù lọ yóò sọ pé, "Ì bá ṣe pé òjò kò rọ̀, àgbẹ̀ kì bá tí gbin àgbàdo." Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà ní èyí ní ilé-ìwé. Ohun tí ó kù ni kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fọwọ́ sí èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, gẹ́gẹ́ bí ti Modákẹ́kẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Pólì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ẹdẹ láti 1992, yunifásítì méjì sì ti bá a níbẹ̀. Ní irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bẹ́ẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ lórí ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ odindi gbólóhùn àti èyí tí kò pé sì wà lára ohun tí a ń kọ́ wọn. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti ń sọ "ì bá ṣe pé" láìṣìnà kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé rárá.