Ìfági: Èwo Ló Yẹ Fún Iṣẹ́ Wo?

Ìfági ni irinṣẹ́ tí káfíńtà fi ń fá igi. Kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ wo gígùn rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ pákó méjì pọ̀ fún ojú tábìlì, èyí tó gùn tó íǹṣì 22 ni kí ẹ fi fá etí wọn. Kò lè wọ ibi tó jin. Ibi tó ga nìkan ni ó ń fá, títí etí pákó yóò fi gún régé. Ìfági kúkúrú, bí íǹṣì 9, máa ń tẹ̀lé kòtò: bí ẹ bá fi ṣe etí, àlàfo yóò wà níbi ìsopọ̀. Ẹ fi í pamọ́ fún dídán ojú igi nígbẹ̀yìn.

Ẹ má yọ irin rẹ̀ síta jù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.