Ẹrù Orí Ìyá Oko: Obìnrin Àgbẹ̀ Láàrin Abà àti Ọjà Ọba Adó-Èkìtì

Bí a bá ń ròyìn iṣẹ́ oko ní ilẹ̀ Èkìtì, ilẹ̀ olókè tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ tí ọkà sì jẹ́ oògùn, ebè iṣu àti igi kòkó ni a sábà máa ń kà, nítorí pé ọkùnrin ni ó ń kọ ebè, ọkùnrin náà ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó gbin kòkó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní Ọjà Ọba ní Adó, lẹ́bàá ààfin Ẹwí, ọba ibẹ̀, ní àárín ìlú tí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ọ̀nà Ìyìn àti ọ̀nà Ìjàn ń tú ènìyàn sí, yóò rí i pé orí obìnrin ni irè oko ń gùn kí ó tó di owó. Lójú tèmi, irè tí ó bá gba ọjà kọjá a fi owó sí ìyá oko lọ́wọ́, èyí tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá a fi òógùn nìkan sílẹ̀ fún un.

Láyé ogun ilẹ̀ Yorùbá, oko kò lè jìnnà sí odi ìlú. Àwọn ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun, ń jẹ nínú ohun tí wọn kò gbìn, títí Èkìtìparapọ̀, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó para pọ̀, fi dìde sí wọn ní ọdún 1878. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ibùdó ogun náà, tí a ń pè ní ogun Kírìjì, kò sì tú ká títí di 1893. Ìgbà tí ìbọn dákẹ́ ni àwọn ènìyàn tó lè wọ igbó jìnnà láìfòyà, tí wọ́n pa abà sí ìdí oko, tí obìnrin sì di onílé méjì, ọ̀kan ní ìlú, ọ̀kan ní oko, tí gbogbo ìrìn àárín méjèèjì sì di tirẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ọkọ a ṣán igbó, a kọ ebè, a gbin iṣu. Ìyàwó a fi ilá, ata, ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ sí àárín ebè, a pọn omi odò, a dáná, a sì tún bá wọn kórè. Ọkọ a gun ọ̀pẹ, a bẹ́ ìdì ẹyìn lulẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ kù sí, tí yóò ṣa ẹyìn, tí yóò sè é, tí yóò gún un, tí yóò fi omi fọ̀ ọ́ títí epo yóò fi léfòó, tí yóò sì fi ìhá tí ó ṣẹ́kù dáná ọjọ́ kejì. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Èkùrọ́ ni èrè tirẹ̀ nínú ọ̀pẹ: yóò pa á, yóò fi ṣe àdí, tàbí kí ó tà á fún àwọn tí ń kó o lọ sí etí òkun. Bí ó bá padà sí ìlú, òfì ń dúró dè é lára ògiri, níbi tí yóò ti hun kíjìpá tí ọkọ yóò wọ̀ lọ sí oko. Àwọn àgbà ní kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, nítorí pé kì í tètè gbó. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó pa òwe náà kò ran òwú rí.

Ní ti ìṣirò owó, àṣà àwọn baba wa mọ́lẹ̀ kedere. Iṣu ọkọ ni ìyàwó rù dé ọjà, iye tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni yóò sì gbé padà fún un. Ohun tí ó bá jẹ lé e, tirẹ̀ ni. Èkùrọ́ rẹ̀, ata rẹ̀, èlùbọ́ rẹ̀ àti aṣọ tí ó hun, ọkọ kò ní ọwọ́ nínú wọn, bí ó bá sì yá nínú owó náà, gbèsè ni ó jẹ. Ẹ má ṣe ka èyí sí ohun kékeré: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1870 ni òfin tó gbà pé owó tí ìyàwó ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ, ní pápá gbalasa Amẹ́ríkà pẹ̀lú, òfin ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ti 1862 fún opó àti wúńdíá ní oko, ṣùgbọ́n ìyàwó tí ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ kì í sábà rí ilẹ̀ gbà ní orúkọ ara rẹ̀.

Kòkó ni ó da ìṣirò náà rú. Obìnrin bá wọn kó o jọ lábẹ́ igi, ó bá wọn là á, ó sá a sí oòrùn, ó sì rù ú jáde. Ṣùgbọ́n kòkó kì í ṣe ohun tí a ń pàtẹ ní Ọjà Ọba. Ọ̀dọ̀ oníwọ̀n ni ó ń lọ, ẹni tí ń rà á fún àwọn òyìnbó oníṣòwò, àti láti 1947 fún àjọ kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀, títí a fi tú irú àjọ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, ọwọ́ baálé ni oníwọ̀n sì ń ka owó sí. Igi náà tún borí ilẹ̀: ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyá oko fi lè gbin kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà òjìji pa gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé, lábẹ́ àṣà, bí ọkọ bá kú, ọmọ ni ó ń jogún oko kòkó, ìyàwó tí ó bá a tọ́jú rẹ̀ fún ogún ọdún kò ní ìpín. Ní 1957 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Èkó fi òǹtẹ̀ lu àṣà yìí, ó ní aya kò lè jogún ọkọ nítorí pé òun gan-an dà bí ẹrù tí ẹbí ọkọ ń jogún. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti àṣà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí n kò mọ ìyá oko kan tí ó ka ara rẹ̀ sí ẹrù, òun tí ó ń ru ẹrù.

Àwọn ìyá oko kò káwọ́ gbera. Ẹni tí ó fi gbogbo ilẹ̀ gbin kòkó kò ní ṣàì ra oúnjẹ, nítorí náà gààrí, epo àti iṣu di ọ̀wọ́n, àwọn obìnrin ni wọ́n sì ń tà wọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù sì gba ẹrù lórí àwọn tí ó ń rìn láti Ìlawẹ̀ àti Ìfàkì. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ tí ń bá ìyá ru igbá lọ sí oko gba ilé ìwé lọ, ìyá sì ń dá ru ti méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi owó epo àti èlùbọ́ ra ilẹ̀ ìkọ́lé ní Adó, nítorí pé ilẹ̀ tí obìnrin bá fi owó ara rẹ̀ rà, kò sí ẹbí ọkọ tí ó lè pín in. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin.